Ọwọ́ Tó Ń Ṣe Káàdì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń béèrè iṣẹ́ káàdì lọ́wọ́ mi, mo ti rí àwọn fídíò tí ẹ ń fi hàn mí lórí fóònù. Ọmọbìnrin kan á jókòó sídìí tábìlì funfun, á tẹ òǹtẹ̀ mọ́ yíǹkì, á gbé e lé páálí, òdòdó á yọ. Á ti páálí mìíràn sínú ẹ̀rọ kékeré, á yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà, labalábá á bọ́ síta. Orin á máa dún lábẹ́lẹ̀. Ó rẹwà lóòótọ́. Èmi náà máa ń wò ó títí dátà á fi tán.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ni mo fi jẹun láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ìwé girama títí ojú mi fi kọ̀, tí ìka mi sì ń gbọ̀n. Ohun tí fídíò yẹn kò fi hàn yín ni mo fẹ́ sọ, kí ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ mọ ohun tó ń wọ̀. Bí ó bá bà yín lọ́kàn jẹ́, ẹ má bínú. Bó ṣe rí ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ́sítà ni orúkọ mi. Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni mo dàgbà sí. Bíríkìlà ni bàbá mi. Àbúrò ìyá mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ opó kan tí àdúgbò ń pè ní Màmá Oníkáàdì, wọ́n sì gbà mí lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀gá ni àwa ọmọ iṣẹ́ ń pè wọ́n. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ga, wọ́n sì máa ń so awò mọ́ ọrùn pẹ̀lú okùn bàtà. Nígbà náà, kò sí ìgbéyàwó tàbí ìdúpẹ́ ìsìnkú tó lórúkọ ní Iléṣà tí wọn kì í wá sọ́dọ̀ wa.

Fún ìgbà pípẹ́, pépà kíká nìkan ni mo ń ṣe. Ẹ lè rò pé kí ló ṣòro nínú pépà kíká. Pépà ní ìhà tó gbà kí ènìyàn ká òun sí. Bí o bá ká a sí ìhà kejì, ojú kíká náà á fọ́, á máa ṣí funfun-funfun bí ètè ẹni tí ọyẹ́ mú. Ọ̀gá á ní kí o fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò kí o tó ká a, kí o gbọ́ bó ṣe ń lọ́ra tàbí bó ṣe ń tako ẹ. Egungun màlúù kan wà tí wọ́n ti ha dán, òun la fi ń fa ojú kíká náà kó lè jókòó. Àràárọ̀ ni wọ́n ń yẹ àtẹ́lẹwọ́ wa wò. Ìpara kò gbọdọ̀ kàn án. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀pà wá sí ìsọ̀ á padà lọ fọwọ́, á tún un fọ̀, nítorí òróró ẹ̀pà kì í hàn lójú ẹsẹ̀, ìgbà tí káàdì bá dé ọwọ́ oníbàárà ló máa ń yọ.

Ọ̀gá kì í lu ènìyàn, wọn kì í sì í bú ènìyàn. Wọ́n á gba káàdì lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á gbé e sókè lójú fèrèsé, wọ́n á wò ó pẹ́. Bí kò bá dáa, wọ́n á fà á ya sí méjì, wọ́n á kó o padà sí ọ lọ́wọ́. “Tún un ṣe.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ṣe káàdì kan náà láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, tí wọ́n ń fà á ya. Mo máa ń gbàdúrà nígbà náà pé kí wọ́n kúkú gbá mi létí.

Àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì àlòkù la fi ń gbẹ́ òǹtẹ̀. A ó fọ̀ ọ́, a ó gé e, a ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, a ó wá fi bíléèdì gbẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n gbẹ́ “Ẹ ṣeun”, mo gbẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń kà á. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí páálí, ó ṣe òdìkejì, kò sẹ́ni tó lè kà á. Ọmọ́wùmí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọmọ́wùmí, tí a ń pè ní Wùmí, ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ṣáájú mi. Ifẹ̀wàrà ló ti wá, oko kòkó ni àwọn òbí rẹ̀ ń dá. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó gbé dígí kékeré kan síwájú mi.

“Kọ ọ́ sórí pépà, kí o gbé e síwájú dígí. Bí o bá ṣe rí i nínú dígí yẹn ni kí o ṣe gbẹ́ ẹ. Èmi náà ti ṣe é báyìí rí. Àní, ‘Ẹ kú ọdún’ lèmi gbẹ́, ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá kí n tó mọ̀ ọ́n gbẹ́.”

Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì rọ̀. Á wo ewé obì lẹ́ẹ̀kan, á gbẹ́ ẹ sára rọ́bà pẹ̀lú gbogbo iṣan ara ewé náà. Ọ̀gá kì í yin ènìyàn, ṣùgbọ́n káàdì Wùmí ni wọ́n máa ń tò sójú fèrèsé. Gbogbo wa mọ̀ pé òun ni ìsọ̀ náà máa bọ́ sí lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú. Ó ní àfẹ́sọ́nà kan, tíṣà ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, tó máa ń wá kí i ní ọjọ́ Sátidé. Ìta lórí bẹ́ǹṣì ni wọ́n máa ń jókòó sí, nítorí Ọ̀gá ní òógùn ọmọkùnrin náà pọ̀ jù, kò gbọdọ̀ wọlé kí ó má baà kán sórí pépà. A ti ń bá Wùmí fojú inú wo irú káàdì tí a ó ṣe fún un.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá ra ẹ̀rọ ìgépàálí kan lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé tó kógbá sílé ní Òṣogbo. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló gbé e wọlé. Ó ní táyà irin ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ní irin pẹrẹsẹ méjì tó dojú kọ ara wọn. Ara ọ̀kan la ń de dáì mọ́. Dáì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́, mímú, tí wọ́n tẹ̀ ní ìrísí òdòdó tàbí ẹyẹ, tí wọ́n sì rì mọ́ pákó. Wàá fi páálí sí ara irin kejì, wàá yọ ọwọ́ kíá, méjèèjì á pàdé, dáì á gé páálí náà. Wọ́n á tún ṣí, wàá mú èyí tó ti gé, wàá fi òmíràn sí i. Iṣẹ́ tí a fi ń ṣe ọ̀sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ di iṣẹ́ òwúrọ̀. Wùmí nìkan ni Ọ̀gá gbà láyè láti máa fi páálí sí i.

Súìṣì ẹ̀rọ náà bàjẹ́. Ẹni tó ń tún iná ṣe wá wò ó, ó ní kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá ní kí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kọ́kọ́ parí. Láti ìgbà náà, bí a bá fẹ́ dá ẹ̀rọ dúró, a máa fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri ni. Ẹ̀yìn àga Ọ̀gá, ní iwájú ìsọ̀, ni ibi tí wọ́n ti ń fà á yọ wà. Àwọn fúnra wọn ló ń fà á.

Ọ̀sán ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, káàdì ìgbéyàwó àwọn ará Ìmẹ̀sí-Ilé la ń ṣe. Wọ́n fẹ́ kí ẹyẹlé méjì tí a gé wà lára èèpo rẹ̀. Wùmí wà ní ẹ̀yìn nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀gá wà ní iwájú, wọ́n ń bá bàbá àgbàlagbà kan sọ̀rọ̀ nípa káàdì ìdúpẹ́. Èmi jókòó sílẹ̀ láàárín wọn, mo ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ríbọ̀nù. Iná lọ. Ẹ̀rọ dúró, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ díẹ̀, páálí kan há sí i.

Wùmí kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Ọ̀gá, ṣé ẹ ti yọ iná?”

Bàbá yẹn náà ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Ṣé ẹ lè bá mi fi fọ́tò sí i?”

Ọ̀gá ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Mo gbọ́ ìbéèrè méjèèjì. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni mo gbọ́. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn láti yíjú wo ara ògiri.

Wùmí ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú ẹ̀rọ láti yọ páálí tó há. Iná dé. Ẹ mọ bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń hó tí iná bá dé. Gbogbo àdúgbò hó yèè. Inú ariwo ayọ̀ yẹn ni igbe Wùmí ti jáde, tó fi jẹ́ pé fún ìṣẹ́jú àáyá kan, mo rò pé òun náà ń hó ni.

Ọ̀gá fa wáyà yọ, àga wó lulẹ̀, ṣùgbọ́n táyà ńlá yẹn ṣì ń yí. Irin méjèèjì ti pàdé tán. Ọwọ́ la fi yí táyà náà sẹ́yìn, èmi àti Ọ̀gá àti bàbá oníbàárà, kí irin tó ṣí. Mi ò ní sọ bí ọwọ́ náà ṣe rí. Wùmí kò ké mọ́ nígbà yẹn. Ó kàn ń wo ojú mi. Ó ní, “Ẹ́sítà, ṣé ó wà níbẹ̀?” Mo ní ó wà níbẹ̀. Irọ́ ni.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ṣeé dá padà. Àtàǹpàkò nìkan ni wọ́n lè gbà là.

A padà sí ìsọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìró Ọ̀gá. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Ẹ́sítà, ti àwọn ará Ìmẹ̀sí-Ilé yẹn, ṣé ó kù púpọ̀?”

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́...”

“Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Ìyàwó yẹn kò mọ nǹkan kan nípa èyí. Fi bíléèdì gé ìyókù.”

Wọ́n pọn omi, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fọ ẹ̀rọ náà fúnra wọn. Àwọn káàdì tí ẹ̀jẹ̀ ta sí, wọ́n kó wọn lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n sun wọ́n. Mo jókòó, mo ń gé ẹyẹlé. Omijé ń bọ́, mo sì ń tẹ orí sẹ́yìn kó má baà kán sí páálí, nítorí Ọ̀gá ti kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ìyàwó dé, ó ṣí káàdì, ó fi ọwọ́ pa ẹyẹlé méjèèjì lórí.

“Háà, ẹ kú iṣẹ́ o! Ọwọ́ yín kò ní í rọ láé.”

Ọ̀gá ní, “Àmín. Ẹ ṣeun, mà.”

Tíṣà láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà wá sí ilé ìwòsàn nígbà àkọ́kọ́, ó sunkún. Ó tún wá nígbà kejì pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹ̀gbọ́n náà ń wo báńdéèjì, kò wo ojú Wùmí. Kò wá mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí ara Wùmí yá díẹ̀, ìyá rẹ̀ wá láti Ifẹ̀wàrà láti mú un lọ sílé. Obìnrin kúkurú kan ni, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀gá kúnlẹ̀ fún un lójú gbogbo wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ló dàgbà jù. Ìyá náà kò ní kí wọ́n dìde. Ó ní, “Ọmọ tí mo fà lé yín lọ́wọ́, ọwọ́ méjì ló ní.” Ó gbé àpò ọmọ rẹ̀ sórí, wọ́n sì lọ.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò sá. Mo sọ fún bàbá mi pé mi ò padà lọ mọ́. Wọ́n ṣí èjìká wọn hàn mí, ibi tí egungun ti yọ gọngọ látìgbà tí wọ́n ti jábọ́ lórí pákó tí wọ́n ń gùn mọ ilé. “Iṣẹ́ wo lo fẹ́ lọ kọ́ tí kì í bu ènìyàn jẹ?” Mo padà.

Ọ̀gá ti yàtọ̀. Wọ́n da tapólì bo ẹ̀rọ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Wọn kò fa káàdì ya mọ́. Bí mo bá ṣe èyí tí kò dáa, wọ́n á wò ó, wọ́n á gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á mú páálí mìíràn, wọ́n á ṣe é fúnra wọn láìsọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an ló wá ń dẹ́rù bà mí. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ká pépà sódì nígbà mìíràn, bóyá wọ́n á fà á ya, kí nǹkan lè padà sí bó ṣe wà. Wọn kò fà á ya láé.

Mo gba fíríìdọ̀mù, mo fẹ́ ọkọ, ọkọ mi sì ń gbé ní Òṣogbo. Ibẹ̀ ni mo ti ṣí ìsọ̀ tèmi. Àwọn ọdún àkọ́kọ́ dára, mi ò ní purọ́. Àbúrò ọkọ mi mú ẹ̀rọ kékeré kan wá láti Èkó, irú èyí tí ẹ ń rí nínú fídíò, tó jẹ́ ọwọ́ la fi ń yí i. Wàá fi dáì àti páálí sáàárín ike méjì, wàá yí i, á gba àárín róólà méjì kọjá. Ìka kò lè wọ ibẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, mo jókòó tì í, mo ń wo àlàfo tóóró yẹn, mo bú sẹ́kún. Ọkọ mi rò pé ayọ̀ ni. Òǹtẹ̀ náà yí padà. A kò gbẹ́ sílípáàsì mọ́. Òǹtẹ̀ tó mọ́ gaara bí omi dé, tí ènìyàn ń rí ibi tó ń tẹ̀ sí. Káàdì Kérésìmesì, káàdì ọjọ́ ìbí, àpótí ẹ̀bùn, òdòdó pépà, gbogbo rẹ̀ ni mo ń ṣe.

Kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ dé. Àwọn ọmọ tí kò ká pépà rí láyé wọn á tẹ káàdì jáde láàárín ìgbà tí èmi ń wá rúlà. Lẹ́yìn náà, fóònù dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Àwọn ọlọ́jọ́ ìbí lọ, àwọn oníkérésìmesì lọ. Àwọn ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ránṣẹ́, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn “fi ṣe káàdì”. Àwọn olókùú nìkan ló dúró tì mí, nítorí àwọn àgbà ìdílé ṣì fẹ́ nǹkan tí wọ́n lè fi ọwọ́ mú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé òkú ló ń bọ́ èmi àti àwọn ọmọ mi. Dúdú àti àwọ̀ eérú ni yíǹkì tó ń tán lọ́wọ́ mi. Àgbélébùú ni dáì tó kọ́kọ́ kú.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ rí. Bí mo bá lọ kí aláìsàn, àwọn ará ilé rẹ̀ á máa wò mí bí ẹni pé mo wá wọn aṣọ òkú fún un. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wà ní ìdùbúlẹ̀ àìsàn, ọmọ rẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Màmá, ẹ má bínú, ẹ má wọlé lónìí.” Mo gbé ọsàn tí mo rà lé e lọ́wọ́, mo yí padà. Mo rìn dé ilé, mi ò wọkọ̀.

Ọ̀gá darúgbó. Àrùn rọpárọsẹ̀ dá wọn dùbúlẹ̀ ní Iléṣà, mo sì máa ń lọ wẹ̀ wọ́n, kí n sì fún wọn lóúnjẹ, nítorí ìlú òkèèrè ni àwọn ọmọ wọn wà. Ẹnu wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lọ́jọ́ kan, mo ń nu ojú wọn, wọ́n ní, “Bá mi pe Wùmí.”

Mo lọ sí Ifẹ̀wàrà. Mo bá Wùmí níwájú ilé, ó ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó tó sá. Ó ti sanra, orí rẹ̀ ti hu ewú. Ó ti fẹ́ àgbẹ̀ kan, ó ti bímọ fún un. Ó dì mọ́ mi, mo sì mọ ọwọ́ ọ̀tún yẹn lára ẹ̀yìn mi, àtàǹpàkò kan àti egungun.

“Kí ni wọ́n fẹ́?”

“Wọn ò sọ fún mi.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n fẹ́ kí n sọ pé ó ti tán.” Ó tú kòkó díẹ̀ sí i. “Màá tẹ̀ lé ẹ. Èmi náà ní nǹkan tí mo fẹ́ bi wọ́n.”

Nígbà tó wọ yàrá, ó kúnlẹ̀. “Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọ̀gá.” Omi ń jáde ní ọ̀kan nínú ojú Ọ̀gá, èkejì gbẹ. Wùmí dìde, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

“Ọ̀gá, lọ́jọ́ yẹn, mo bi yín pé ṣé ẹ ti yọ iná. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé èmi lẹ dá lóhùn ni, àbí bàbá yẹn?”

Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu Ọ̀gá díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a kò gbọ́ nínú rẹ̀.

“Mo gbọ́ ẹ. Ìwọ ni mo dá lóhùn. Mi ò tíì yọ ọ́. Mo rò pé iná kò ní í tètè dé. Mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú oníbàárà kí n tó dìde.”

Mo ní aṣọ ìnujú lọ́wọ́, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí. Aṣọ ti yọ̀ kúrò ní èjìká Ọ̀gá, Wùmí na ọwọ́ ọ̀tún, ó fi àtàǹpàkò yẹn fa aṣọ náà sókè, ó bò wọ́n dáadáa. Ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́.” Ó jáde. Kò sọ pé ó ti tán.

Mo sìn ín dé ibùdókọ̀. Mọ́tò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ó wá ní, “Ẹ́sítà, látìgbà yẹn, mo rò pé etí mi ló ṣì í gbọ́ ni. Mo rò pé èmi ni mo ṣe é fún ara mi. Ọmọ mi á pè mí, màá dá a lóhùn, màá tún béèrè pé ṣé èmi lo pè lóòótọ́. Àwọn ọmọ mi fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́.” Ó fi ọwọ́ òsì bo ojú. Awakọ̀ ní kí ó wọlé, ó wọlé.

Kò pẹ́ tí Ọ̀gá fi kú. Wùmí kò wá. Mo ti ra páálí tó dára jù lọ sílẹ̀, mo ń retí kí àwọn ọmọ wọn sọ irú káàdì tí wọ́n fẹ́. Àkọ́bí wọn ọkùnrin ní, “Àǹtí Ẹ́sítà, ẹ má ṣe wàhálà, wọ́n ti bá wa ṣe é.” Orí fóònù ni mo ti rí i, àwòrán kan tí ó ní àdàbà tó ń fò àti òdòdó tó ń tàn yinrinyinrin. Wọ́n ṣi orúkọ Ọ̀gá kọ. Mo wò ó títí iná fóònù fi kú, mo tún tàn án, mo tún wò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn, n kò ní agbára iṣẹ́ náà mọ́. Ojú mi ti ń ṣú, ìka mi ń gbọ̀n. Mo kàn ń ṣí ìsọ̀ lásán ni, torí pé mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè jókòó sí.

Obìnrin kan wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ọ̀dọ́ ni, bóyá ẹgbẹ́ ọmọ mi tó kéré jù. Ó kọ́kọ́ ń wo àwọn ohun tó wà lórí pẹpẹ. Mo bi í pé kí ló fẹ́.

“Màmá, ṣé ẹ lè ṣe ẹyọ kan?”

“Ti kí ni?”

Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ìta. “Ọmọ mi ni. Oṣù tó kọjá. Kò tíì rìn. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sunkún, wọ́n ní màá bí òmíràn. Wọ́n ti kó gbogbo aṣọ rẹ̀ kúrò nílé, wọ́n pa fọ́tò rẹ̀ rẹ́ lórí fóònù mi. Ọkọ mi ní kí n má dárúkọ rẹ̀ mọ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ kọ. Ẹ má kọ nǹkan mìíràn.”

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe káàdì òkú, n kò ṣe ti ọmọdé rí. A kì í ṣe é. Kò sí ẹni tó máa fi ránṣẹ́ sí, kò sí ẹni tó máa gbà á. Mo fa àga fún un. Mo fọ ọwọ́ mi, mo nù ún gbẹ. Mo mú páálí tí mo rà sílẹ̀ nítorí Ọ̀gá, mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, mo ká a sí ìhà tó gbà, mo fi egungun fà á. Mo fi dáì gé ewé wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ yí etí rẹ̀ ká. Mo wá to òǹtẹ̀ lẹ́tà lẹ́sẹẹsẹ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, àkọ́kọ́ wọ́, mo fà á ya. Èkejì náà wọ́, mo fà á ya. Ẹ̀kẹta dára.

Tolúwanimí ni orúkọ ọmọ náà.

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pe orúkọ náà jẹ́jẹ́. Ó tún un pè. Ó béèrè pé, “Ṣé kò ní í tètè bàjẹ́?”

Mo ní, “Bí omi kò bá kàn án, á pẹ́.”

Ó gbé e sí inú aṣọ, níbi àyà, ó dì í mọ́ra, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Mo nu yíǹkì kúrò lórí tábìlì, mo bo àwọn òǹtẹ̀ náà, mo ti ìlẹ̀kùn. Mi ò ṣí i mọ́ láti ọjọ́ náà.

Òun nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ kọ́ ọ nínú yín, kí ó wá sílé lọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ Sátidé. Kí ó fọwọ́ rẹ̀ mọ́ kí ó tó wá.